Ara Tó Ń Yún Wa Lásìkò Ọyẹ́ Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ̀ Tó Dọ̀tí

Gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá ti dé, gbólóhùn kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò, lẹ́nu ìyá ìyàwó, lẹ́nu ẹni tó jókòó tì wá nínú ọkọ̀: "Ẹ̀jẹ̀ ẹ ló dọ̀tí. Wá agbo mu, kó fọ ẹ̀jẹ̀." Ẹni tí ara ń yún ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ẹni tó ń sín láti ìdájí títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, wọ́n á sọ ọ́ fún òun náà. Ìyá tó pọn ọmọ tí ara rẹ̀ sú, kò ní í rìn jìnnà kí ẹnìkan tó dá a dúró kó lè sọ ọ́ fún un. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, mo mọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà, ó ń gba owó lọ́wọ́ tálákà, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. N kò ní í fi abẹ́ ahọ́n sọ ọ́: ẹ̀jẹ̀ kò dọ̀tí, agbo tí ń múni yàgbẹ́ kò lè fọ ẹ̀jẹ̀, ohun tí igi àti ewé ní tó wúlò fún yíyún ọyẹ́ àti imú dídí, orí awọ àti ihò imú ni àwọn ìyá wa àgbà máa ń fi í sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọyẹ́ ti ń bọ̀. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń fẹ́, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, púpọ̀ nínú eruku tó ń gbé bọ̀ sì ń wá láti ilẹ̀ jíjìn kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Adágún ńlá ló wà níbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Adágún Chad tí a mọ̀ lónìí, àṣẹ́kù rẹ̀ ni. Omi gbẹ, ìkarahun àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, tí wọ́n ti ń gbé inú omi náà, sì di lẹ́búlẹ́bú funfun. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi kọjá, ó ń gbá lẹ́búlẹ́bú náà sókè, ó ń gbé e wá sí Kánò, sí Ìlọrin, sí Ìbàdàn, títí dé etí òkun. Nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti gbẹ débi pé ara wa ló ti ń wá omi. Ọ̀rá tí ń bo awọ á dín kù, awọ á máa sán wẹ́wẹ́, gbogbo ohun tó bá kàn án á sì máa yún un. Imú náà á gbẹ, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ á máa ya. Ìgbà yẹn gan-an ni máńgòrò àti kajú ń tanná. Ìgbà yẹn náà ni à ń kó bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ti wà nínú àpótí láti èṣí jáde, pẹ̀lú àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń gbé inú aṣọ ìbora àti tìmùtìmù.

Lára ẹlòmíràn, gbígbẹ awọ nìkan ti tó láti mú ara yún. Lára ẹlòmíràn, ara rẹ̀ ti ka ohun tí kò lè pa á sí ọ̀tá: eruku, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó, ìgbẹ́ kòkòrò inú bẹ́ẹ̀dì. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá kan awọ, imú tàbí ẹyinjú rẹ̀, ara á tú ohun kan tí wọ́n ń pè ní histamine sílẹ̀. Òun ló ń mú kí ibẹ̀ wú, kó pọ́n, kó máa yún, kí omi máa dà. Àlẹ́jì tí à ń pè nìyẹn. Kì í ṣe ohun tí ẹnìkan jókòó sílé ronú kàn. Ní 1873, Charles Blackley, dókítà kan ní Manchester tí àìsàn yìí ń bá fínra, tẹ ìwé jáde lórí bó ṣe kó lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó koríko sí imú ara rẹ̀ àti sórí awọ rẹ̀ tó ti họ, tó sì rí i pé òun ló ń fa ìyọnu náà. Ní 1910, Henry Dale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ohun tí histamine ń ṣe nínú ara. Ní 1937, àwọn Daniel Bovet rí oògùn àkọ́kọ́ tó lè dí i lọ́nà, Bovet sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1957. Ìdílé oògùn yẹn ni Piriton tí à ń rà ní kẹ́mísì ti wá. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe láti ìgbà Blackley títí di òní, kò sí ẹni tó bá ìdọ̀tí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àlẹ́jì. Ara tó wà lójúfò jù ló ń ṣe é.

Ẹ bi ẹni tó ń ta agbo léèrè bí agbo ṣe ń fọ ẹ̀jẹ̀. Yóò ní ẹ óò yàgbẹ́, ìdọ̀tí á sì bá a jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìfun kì í ṣe ẹ̀jẹ̀; oúnjẹ tí ara ti fa oje rẹ̀ tán ni, pẹ̀lú omi. Ewé asúnwọ̀n, tó wọ́pọ̀ nínú irú agbo bẹ́ẹ̀, ní èròjà tí wọ́n ń pè ní anthraquinone, irú èyí tó wà nínú senna tí kẹ́mísì ń tà fún ẹni tí ìgbẹ́ gbẹ mọ́ nínú. Ó ń mú ìfun sáré, ó ń mú kí omi dúró sínú ìgbẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí ọyẹ́ ti gba omi ara rẹ̀ wá ń yàgbẹ́ olómi láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́: omi wo ló ṣẹ́kù fún awọ?

Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ni Ọlọ́run fún wa láti máa sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ó sì yẹ ká sọ èyí kedere, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ewu wà: bí àwọn méjèèjì bá dáṣẹ́ sílẹ̀, tí ìdọ̀tí wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, ara máa ń yún ènìyàn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ máa ń họra tọ̀sán-tòru. Ẹni tí ọ̀nà òróòro rẹ̀ dí, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn tí ọ̀rọ̀ "ẹ̀jẹ̀ dídọ̀tí" fẹ́ẹ̀ bá mu nìyí, àwọn kan náà sì ni agbo tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè tètè pa. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá jóòótọ́, agbo kò wúlò. Bó bá jóòótọ́, agbo ló burú jù.

Ẹni tó bá rò pé ohun tó ti inú igbó wá kò lè ba kíndìnrín jẹ́, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brussels, olú ìlú Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn lọ gba ìtọ́jú níbì kan tí wọ́n ti ń lo egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n ṣi gbòǹgbò kan lò fún òmíràn, èyí tí wọ́n sì lò ní májèlé tí wọ́n ń pè ní aristolochic acid. Àwọn obìnrin tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lé ní 100, jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀ sì tún mú àwọn kan nínú wọn. Gbòǹgbò ewéko ló ṣe é, ohun àdáyébá. Ó sì ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wọn oògùn lórí ìwọ̀n, tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀. Ṣé ti agbo inú ọ̀rá àti inú ìgò wa la ó wá sọ, tí ògógóró wà nínú òmíràn, tí a kò mọ ọjọ́ tí wọ́n sè é, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju "ife kan láàárọ̀" lọ?

"Mo mu ún, ó sì lọ." Ìdáhùn tí ẹ óò gbọ́ nìyẹn, n kò sì pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́. Ó lọ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo oṣù tó lọ. Ọyẹ́ dé, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún, a ra agbo, a ń mu ún bọ̀ títí di oṣù kẹta, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ara tutù. Òjò ló ṣiṣẹ́, agbo ló gbowó. Èyí tó ń wú lójijì lára, tó ń kúrò ní apá tó ń bọ́ sí itan, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni yóò lọ fúnra rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, yálà a lo nǹkan tàbí a kò lò ó. Nígbà mìíràn, ọtí inú agbo ló kun ènìyàn lóorun tí kò fi mọ̀ pé ara ń yún òun. Èyí tó burú jù ni ti egbòogi inú ike tí kì í ṣe ewé ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ rárá. Àwọn tó ń yẹ irú rẹ̀ wò ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti bá dexamethasone nínú wọn, láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sára ike. Oògùn òyìnbó alágbára ni. Ó ń pa yíyún lẹ́nu mọ́ kíá, àmọ́ ó ń sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ di róbótó, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà sókè, ẹni tó bá sì ti pẹ́ lórí rẹ̀ tó dá a dúró lójijì lè dákú. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ike tàn yín. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára egbòogi náà títí dópin: wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn náà ń sọ pé ó ń ṣe wò.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé orúkọ àwọn baba ńlá wa ni wọ́n fi ń tà á. Kí ni àwọn ìyá wa àgbà ń lò bí ọyẹ́ bá dé? Òrí ni. Wọ́n á bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ooru ọwọ́ á yọ́ ọ, wọ́n á fi pa ọmọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bó bá ṣe ń jáde nílé ìwẹ̀, kí omi ara rẹ̀ tó gbẹ. Wọ́n á fi díẹ̀ sí ètè, wọ́n á fi díẹ̀ sí ihò imú àgbàlagbà tí imú rẹ̀ dí. Àdín wà, àdín àgbọn wà, osùn wà fún ìyá ọmọ àti ọmọ tuntun. Ẹ ṣe àkíyèsí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń gbé mu nítorí ọyẹ́. Ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ gbà lọ ni wọ́n ń dá padà. Ẹ lọ bá dókítà awọ lónìí, ohun tí yóò sọ kò ní í yàtọ̀: ẹ má fi omi gbígbóná janjan wẹ̀, ẹ dín ọṣẹ kù, ẹ fi ohun ọlọ́ràá para kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ. Igi ẹmi tó ń so èso òrí ń hù fúnra rẹ̀ káàkiri Òkè-Ògùn, ní Ṣakí, ní Kìṣí, ní Ìgbòho. A ń kó èso rẹ̀ tà fún àwọn tó ń sọ ọ́ di ìpara olówó iyebíye, àwa fúnra wa wá ń fi owó ra agbo tí ń múni yàgbẹ́.

Ó tún ku ohun kan tí n kò mọ ìdí tí a kì í fi í sọ ọ́ lórí rédíò. Ní 1979, ìwé àwọn onímọ̀ oògùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Journal of Clinical Pharmacology, tẹ ìwádìí A. Tella jáde lórí òrí. Ó fi òrí sí imú àwọn àgbàlagbà tí imú wọn dí, ó sì fi wé oògùn tí wọ́n ń kán sí imú. Imú àwọn tó gba òrí là láìpẹ́, ó sì wà ní lílà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìwádìí kékeré ni, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, Tella fúnra rẹ̀ sì pè é ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti lé ní 40 ọdún báyìí. Ohun tí ìyá àgbà ń ṣe ti wọ ìwé àwọn onímọ̀, àwa sì ń pariwo agbo tí kò wọ ìwé kankan. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òrí tàbí epo kankan sí imú ọmọ ọwọ́. Ó lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kó sì dá àìsàn tó le sílẹ̀ níbẹ̀.)

Àwọn kan yóò sọ pé mo ti di òyìnbó, pé n kò gba ewé gbọ́. Mo gba ewé gbọ́ ju ẹni tó ń tà á láìdán an wò lọ. Ẹ wo àbámọdá. Àwọn èèyàn wa ní Brazil mọ̀ ọ́n, wọ́n ń lò ó nínú àwọn ilé òrìṣà wọn. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní ibẹ̀ tẹ ìwádìí jáde pé oje rẹ̀ dáàbò bo àwọn eku lọ́wọ́ irú àlẹ́jì gbígbóná tó ń pani lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì dárúkọ èròjà tó ṣe iṣẹ́ náà, quercitrin. Eku ni, kì í ṣe ènìyàn, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ máa já àbámọdá mu nítorí rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibẹ̀ ni ọ̀nà gbà. Ní ilẹ̀ Switzerland, wọ́n mú ewé butterbur, wọ́n fi wé cetirizine, oògùn àlẹ́jì tí kẹ́mísì ń tà, lára èèyàn 125 tí àlẹ́jì òdòdó ń yọ lẹ́nu, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2002: àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédé. Àmọ́ ewé yẹn ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àfi bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó lò ó. Roger Altounyan, dókítà tí ikọ́ fée ń dà láàmú, bẹ̀rẹ̀ láti ara khella, ewéko ilẹ̀ Íjíbítì, ó ń fi ara rẹ̀ dán èròjà lẹ́yìn èròjà wò, títí wọ́n fi rí cromoglycate ní 1965. Oògùn náà ṣì wà nínú ohun tí wọ́n ń kán sójú tó bá ń yún di òní.

Nílé wa ńkọ́? Àlùfáà Ogunyale fi àpòpọ̀ oògùn ìdílé rẹ̀ fún ààrùn ẹ̀jẹ̀ tí ń mú kí eegun máa roni han NIPRD, ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba, ní Àbújá. Iyèré, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lára àwọn aláìsàn, wọ́n mọ ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n sì sọ ọ́ di Niprisan. A mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà. A ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ oògùn ní Ifẹ̀, ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Ẹni tó bá dá ewé rẹ̀ lójú, kó gbé e lọ síbẹ̀.

Ó tún kù síbì kan. Kì í ṣe gbogbo yíyún ni àlẹ́jì, "ẹ̀jẹ̀ dídọ̀tí" sì ti sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. Làpálàpá jẹ́ àìsàn tí olú tíntìntín ń fà lórí awọ. Asúnwọ̀n tí a gún, tí a fi pa ojú ibẹ̀, wúlò fún un lóòótọ́, nítorí ó ní èròjà tó ń bá olú náà jà. Ewé kan náà tí kò wúlò bí a bá mu ún nítorí ọyẹ́ wúlò bí a bá fi pa làpálàpá. Kurúnà, tí í yún ènìyàn jù lóru, tó fẹ́ràn àárín ìka ọwọ́, kòkòrò ló ń gbẹ́ ilé sínú awọ. Imí-ọjọ́ tí àwọn àgbà ń pò mọ́ òrí ń pa á, ilé ìwòsàn náà ń lo imí-ọjọ́ fún un, ṣùgbọ́n gbogbo ará ilé ló gbọ́dọ̀ lò ó lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì fọ aṣọ ìbora. Ní abúlé tó wà létí odò tó ń sáré, yíyún tí kò lọ látọdún dé ọdún lè jẹ́ ti kòkòrò tí eṣinṣin dúdú kan ń gbìn sára, èyí tó ń fọ́ni lójú nígbẹ̀yìn. Mectizan ni oògùn rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni láti 1987. Ẹni tó ń mu agbo ẹ̀jẹ̀ sí irú èyí ń fi ojú rẹ̀ tàfàlà.

N kò gbè sẹ́yìn ẹni tó sá kúrò lọ́dọ̀ alágbo lọ bá ìpara tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà ní kẹ́mísì láìsí ìwé dókítà. Steroid inú rẹ̀, irú oògùn kan náà bíi dexamethasone, ń sọ awọ di tín-ín-rín, ó sì ń jẹ́ kí làpálàpá fara pamọ́ kó máa gbilẹ̀. Piriton náà kì í ṣe ohun ìṣeré: ó ń kun ènìyàn lóorun, kò yẹ kí awakọ̀ lò ó kó tó gun ọkọ̀, ẹni tó bá sì pa á pọ̀ mọ́ paragà lè sùn lórí ọkọ̀. Robb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé imú ti là, dídí náà ṣì wà níbẹ̀. Omi iyọ̀ tí a ti sè, tí a jẹ́ kó tutù, ló dára jù láti fi fọ imú tí eruku ti kún. Àwọn Mùsùlùmí tó ń fa omi símú nígbà àlùwàlá mọ ìtura rẹ̀. Kí ó jẹ́ omi tí a ti sè: ní Louisiana ní 2011, àwọn méjì kú nítorí pé omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n fi fọ imú, kòkòrò inú rẹ̀ sì wọ ọpọlọ wọn.

Àwọn ọmọ wa ní London náà ń ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi agbo ránṣẹ́ sí àwọn. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje ni koríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tú lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀, ẹni tí kò sín rí nígbà tó wà ní Ṣàgámù lè bẹ̀rẹ̀ sí í sín níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò yí padà nínú ọkọ̀ òfuurufú. Koríko ibẹ̀ ló jẹ́ tuntun sí ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ewé ní Ojúwòyè àti ní gbogbo ọjà wa, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ máa ta òrí, ẹ máa ta àdín, ẹ máa ta asúnwọ̀n fún ẹni tó ní làpálàpá, kí ẹ sì sọ fún un pé kó fi pa á, kó má mu ún. Ẹ yọ agbo ẹ̀jẹ̀ dídọ̀tí kúrò lórí àtẹ. Ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ bá pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó sì ń họra, ẹ má tà fún un rárá. Ẹ ní kó lọ yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ wò. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ètè tàbí ahọ́n ẹnikẹ́ni bá wú lójijì, tí èémí rẹ̀ kò já geere, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró gbé ìkòkò agbo kaná.